"Emi lokan", "Soro soke", "O to ge": báwo la ṣe ń kọ ọ́, ta ló sì lè sọ ọ́ sí ta?

Kọ́mà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fídíò apanilẹ́rìn-ín mẹ́jọ ló wà nílẹ̀ tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí nísàlẹ̀: ìlà kan ní Yorùbá tó lámì ohùn, ìlà kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London àti Houston ló máa wò ó jù. Wọ́n gbọ́ Yorùbá níwọ̀nba, ṣùgbọ́n wọn ò sí nílé nígbà tí àwọn àṣà yìí gba ìgboro, ẹ̀rín tó yẹ kó pa wọ́n lè má pa wọ́n rárá.

Mẹ́ta ló ń dí mi lọ́wọ́. "Emi lokan": àwọn kan kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, àwọn kan ní méjì, àwọn kan ní mẹ́ta. Èwo ni ká mú? "Soro soke": ayálégbé ló sọ ọ́ sí onílé nínú fídíò kẹta, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa gbé ata inú ẹ̀ dé Gẹ̀ẹ́sì. "O to ge": ẹ kan ló wà níparí ẹ̀ ni, àbí méjì? Yàtọ̀ síyẹn, kí lèèyàn fi ń mọ̀ pé àṣà kan ti kú, kó má baà máa ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ mọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo lè lọ tẹ̀ síbẹ̀ lónìí ni mo ń wá o.

---

Àmì Ohùn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: Èmi ló kàn. Ẹ má so wọ́n pọ̀.

"Ló" yẹn, "ni ó" ni wọ́n sún kì. "Ó" tó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣe "èmi" o. Ìpín tó ń yí kiri ló ń tọ́ka sí. "Ó kàn mí" ni ìdí ọ̀rọ̀: ó ti yí dé ọ̀dọ̀ mi. Tí a bá wá fa "mi" jáde síwájú ká lè tẹnu mọ́ ọn, á di "èmi ni ó kàn". Èmi ni, kì í ṣe ẹlòmíì. Ìdí nìyí tí "èmi ni mo kàn", tí àwọn tó fẹ́ràn àtúnṣe máa ń kọ, fi jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó bi í pé kí ló kàn, ilẹ̀kùn ni àbí ìṣó?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i: "Èmi kọ́ ló kàn" la fi ń sẹ́ ẹ, kì í ṣe "èmi ò kàn". "Ṣé èmi ló kàn?" la fi ń béèrè. Tí kò bá tíì dé, "Èmi ló máa kàn".

Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù ni kíkọ ọ́ láìlámì. "Emi lokan" tó wà bẹ́ẹ̀ lásán, ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè kà á sí "ẹ̀mí lọ́kàn", ohun kan bí ẹ̀mí tó wà nínú ọkàn èèyàn. Ọ̀rọ̀ ìwàásù nìyẹn. Ibi mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ wọn wà: è àti ẹ̀, mi àti mí, ló àti lọ́. Àwọn ọmọ London yín á ṣi í kà dájúdájú tẹ́ ẹ bá gbójú fo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti ìtumọ̀, ẹ kọ́kọ́ rántí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé kó tó di ti òṣèlú. Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹni tó ń fárí lọ́wọ́ á gbọn aṣọ, á ní "Ta ló kàn?" Nídìí ẹ̀rọ omi, nídìí ayò, bákan náà. Ìlà gbọ́dọ̀ wà kó tó lè kan ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹfà 2022, ní Abẹ́òkúta, Bọ́lá Tinúbú tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ APC fún ipò ààrẹ sọ fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ pé Yorùbá ló kàn, nínú Yorùbá náà, òun ló kàn. Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tó fi gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn l'Ábùjá pẹ̀lú ìbò 1,271. Ìlà méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn: ìlà àwọn ẹ̀yà nínú orílẹ̀-èdè, àti ìlà àwọn èèyàn láàárín ẹ̀yà kan. Ohun tí ìgboro sì dì mú nìyẹn: ta ló to ìlà yìí, ta ló kà á?

Nítorí náà "It's my turn" ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe "I'm next". Ẹni tó ní òun ló tẹ̀ lé e wulẹ̀ ń sọ ibi tó dúró sí ni. Ẹni tó ní òun ló kàn ń gba ẹ̀tọ́. Tó bá jẹ́ pé ìdí kúlà ìrẹsì ni ẹni inú fídíò yín ti sọ ọ́, tí kò sì sẹ́ni tó tò, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà. Ẹ jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì náà rí bákan náà, ẹ má ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìlà.

---

Gángan

Àmì Ohùn ti sọ ti ẹnu. Ẹ jẹ́ n sọ ti ìlù, torí mo mọ̀ pé kò sí fídíò apanilẹ́rìn-ín tí ìlù ò sí lẹ́yìn ẹ̀.

Èmi ló kàn: dò re mí dò. Ó yá, ẹ wá fi "ìwọ" dípò "èmi". Dò re ni. Ẹ fi "àwa". Dò re. "Òun", "ẹ̀yin", "àwọn", dò re ni gbogbo wọn. Ìyẹn ni pé lójú awọ, "Èmi ló kàn", "Ìwọ ló kàn", "Àwa ló kàn", ohùn kan náà ni. Kò sí gángan tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kí àṣà yìí tètè ràn nìyẹn: ẹnikẹ́ni lè ki ara ẹ̀ sínú ẹ̀, kí orin ọ̀rọ̀ má sì yẹ̀.

Àwọn onílù mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi jẹun. Tí onílù bá dúró síwájú olówó lóde àríyá, tó lù ú ní dò re mí dò, olówó á gbọ́ "èmi ló kàn", àyà ẹ̀ á wú. Ẹni tó jókòó tì í á gbọ́ "ìwọ ló kàn", ìyẹn ni pé kó kó owó jáde. Onílù ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tí èyí kàn lórí iṣẹ́ yín: níbi tí ìlù bá ti sọ ọ́ kí ẹnu tó sọ ọ́, ẹ má tíì kọ "èmi". Ẹ kọ "... ló kàn" sílẹ̀, kẹ́ ẹ dúró de ẹni tó máa dáhùn. Tẹ́ ẹ bá kọ "Èmi ló kàn" sábẹ́ ìlù, ẹ ti bá òṣèré jẹ eré ẹ̀ tán.

"Sọ̀rọ̀ sókè": dò dò mí dò. Tẹ́ ẹ bá fi "Ẹ" síwájú ẹ̀, á di re dò dò mí dò, ó ti di ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Alága á ṣàlàyé ìyẹn jù mí lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà ní Kwara, ẹ gbọ́ eléyìí: Ó tó gẹ́, mí mí mí. Ó tún yá, tí àwọn alátakò wọn fi dáhùn, mí mí mí. Ọ̀tá méjì, ìlù kan!

---

Alága Ìdúró

Bàbá onílù, ẹ ṣeun. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ "Ẹ" yìí ni kókó.

Kó tó di 2020, ta ló ń sọ "Sọ̀rọ̀ sókè"? Tíṣà sí ọmọ kíláàsì tó ń kùn sí àyà, tàbí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ dáadáa lórí fóònù. Ẹgbẹ́ ẹni tàbí ọmọ ẹni la máa ń sọ ọ́ sí láìfi "Ẹ" sí i. Lóṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde láti fi ẹ̀hónú hàn sí ikọ̀ ọlọ́pàá SARS, wọ́n gbé gbólóhùn tíṣà yẹn, wọ́n kọjú ẹ̀ sí ìjọba. Àwọn tó jù wọ́n lọ, tó wà nípò, ni wọ́n ń bá wí bí ọmọ kíláàsì. Ata ọ̀rọ̀ náà ò sí nínú "sókè". Inú "Ẹ" tí wọ́n yọ kúrò ló wà.

Fún fídíò kẹta yín nígbà náà, ẹ tẹ́tí sí ẹnu ayálégbé yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, bàbá", kò gbọ́ ohun tí onílé wí ni, tàbí ó ń díbọ́n pé òun ò gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, "I can't hear you, sir". Tó bá jẹ́ "Sọ̀rọ̀ sókè!" láìsí "Ẹ", ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ohun tó dà bí "Ẹ" tẹ́ ẹ máa yọ, nítorí náà ìlà tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ fi gbé e. Bí ayálégbé bá ti ń pè é ní "bàbá" tàbí "ẹ̀yin" tẹ́lẹ̀, ẹ fi "sir" sí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá yọ "sir" kúrò gẹ́lẹ́ tó bá sọ "Sọ̀rọ̀ sókè!" Ọmọ Houston tí kò gbọ́ Yorùbá rárá á rí i pé nǹkan kan ti já.

"Wèrè" tó máa ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń kọ ní "werey" lórí íntánẹ́ẹ̀tì: láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ ìyìn pàápàá, ẹni tó gbóyà, ẹni tó mọ nǹkan án ṣe. Sí àgbà, èébú ni, kò ní àlàyé míì. Alága tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ kì í dà á lẹ́nu níbi ìdána, torí ìdílé méjì ló jókòó níbẹ̀, ẹ ò sì mọ ilé tí àìsàn yẹn wà. Lójú tèmi, ẹ kọ "wèrè" pẹ̀lú àmì lápá Yorùbá ní gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì yí padà bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí: "madman" fún ìjà, "crazy guy" fún eré.

Ẹ ṣọ́ra fún "eléyìí" náà. Ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta yẹn kan náà ló ti jáde, nígbà tí olùsọ̀rọ̀ pe gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn tó jókòó níbẹ̀ ní "eléyìí". Nǹkan la ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ìgboro gbá a mú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí i nínú fídíò yín tí ẹnì kan nawọ́ sí ọ̀gá ẹ̀ tó ní "eléyìí", "this one" ló máa jẹ́. Ẹ má kọ "this man", ẹ ti bu ọlá tí òun ò bù fún un nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wa darí ayẹyẹ, ẹ gbọ́ èyí kí n tó lọ. Tí owó bá ń yí láàárín ẹbí méjì, tó wá kan ẹbí ìyàwó láti gbà, "Àwa ló kàn" ló dáa jù. "Èmi ló kàn" ṣì ń rùn ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìdajì àwọn tó jókòó á rẹ́rìn-ín, ìdajì yòókù á di ojú. "Àwa" bọ́ òórùn yẹn kúrò, ìlù ò sì yí padà, gẹ́gẹ́ bí bàbá onílù ti wí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ o, lẹ́yìn tí oúnjẹ ti délẹ̀. Ìgbà kejì, ẹnikẹ́ni ò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

---

Ará Ìlọrin

Ó tó gẹ́. Ẹ kan. "Tó" ni pé ó ti kún ìwọ̀n, "gẹ́" sì ni ìró tó ń fi í sí ojú ibi tó ti dé, bí ìgbà tí ọmọrí ìkòkò bá bá ẹnu ìkòkò mu. "Ó tó" nìkan lè jẹ́ pé ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun. "Ó tó gẹ́" kò ní ẹ ṣeun nínú.

Kwara ló ti di ariwo, ṣáájú ìdìbò 2019. Àwọn tó fẹ́ kí agbára ìdílé Sàràkí dópin ní ìpínlẹ̀ náà ló ń pa á, tí wọ́n ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ àti fìlà. Ẹgbẹ́ kejì dáhùn pé "Ó tún yá". Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì 2019, Bùkọ́lá Sàràkí, tó jẹ́ Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà nígbà yẹn, pàdánù àga Àárín Gbùngbùn Kwara. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹta, APC mú gómìnà. Àwọn kan l'Ékòó gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ kan náà dìde lọ́dọ̀ wọn lọ́dún yẹn, kò gbiná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbólóhùn ló ń wọlé ìbò o.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni pé "Ó tún yá" ò dáhùn ìbéèrè. Ẹni tó ní ó tó ń sọ ìwọ̀n. Ẹni tó ní ó tún yá ń sọ àsìkò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kọjá lára ara wọn bí ọkọ̀ méjì lójú títì. Tẹ́ ẹ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì sí i, ẹ má fipá mú wọn bára wọn mu: "Enough is enough" fún èkíní, "Time to go again" fún èkejì.

---

Àmì Ohùn

Ará Ìlọrin, mo bá yín dé ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fòfin de "gẹ́ẹ́". Ìró ni "gẹ́", ìró sì lè gùn bí ẹnu bá ṣe fà á. Kọ́mà, ẹ wo òṣèré. Tó bá gé e kúrú, "gẹ́". Tó bá fà á, tó sì ń mi orí, "gẹ́ẹ́". Ẹ má kọ ọ́ ní mẹ́rin-márùn-ún, ìsàlẹ̀ fídíò kì í ṣe WhatsApp.

---

Ará Ìlọrin

Mo gbà fún fídíò. Lára fìlà, ẹ kan!

---

Kọ́mà

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ṣàtúnṣe fídíò kẹta, "sir" yẹn ṣiṣẹ́ bí idán. Ó ku ìbéèrè ìkẹyìn: èwo ló ti kú? "Jápa" wà nínú fídíò méjì, "Ooin" wà nínú ọ̀kan. Bàbá kan tún wà nínú fídíò keje tó sọ "pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì", mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe sí ìyẹn.

---

Ìwé Àtijọ́

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá fídíò keje, torí òun ló mọ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Gẹ̀ẹ́sì ni pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì tẹ́lẹ̀: "peculiar mess". Adégòkè Adélabù, ọmọ Ìbàdàn tí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, ló sọ ọ́ nínú ìjà òṣèlú àwọn ọdún 1950. Àwọn èrò tó ń tẹ̀ lé e, tí púpọ̀ nínú wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ ìró ẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ìró ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé. Wọ́n fi ń ki òun fúnra ẹ̀. Ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, ọ̀rọ̀ náà ò bá a kú; títí dòní, àgbà Ìbàdàn tó bá rí rúgúdù tí kò ní orí, tí kò ní ìrù, pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì ni yóò pè é. Ẹ má dá a padà sí "peculiar mess" ní ìlà Gẹ̀ẹ́sì o. Ẹ fi "penkelemesi" sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ìró yẹn ni bàbá náà ń sọ, kì í ṣe ìtumọ̀. Tí àyè bá gba ọ̀rọ̀ kan sí i, "a real penkelemesi", ẹni tó ń wò ó á fi ojú inú gbé e.

Ní ti èyí tó kú àti èyí tó yè, ẹ fi méjì yìí wé ara wọn. Nígbà rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, ariwo àwọn àgbẹ̀ ni pé òkè mẹ́fà làwọn máa san ní owó orí. Òkè kan jẹ́ àpò owó ẹyọ ẹgbàáwàá, 20,000; láyé òyìnbó, wọ́n kà á sí ṣílè márùn-ún. Òkè mẹ́fà wá jẹ́ ṣílè 30, pọ́n-ún kan ààbọ̀. Gbogbo ẹni tó ń sanwó orí nígbà yẹn ló mọ̀ ọ́n lórí. Náírà dé lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, ẹnikẹ́ni ò fi òkè ka owó mọ́, ariwo yẹn di ọ̀rọ̀ inú orin àti inú ìwé. Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì ò fara ti owó tàbí òfin kankan. Rúgúdù ló fara tì, rúgúdù ò sì tán láyé.

Òmíràn tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú: "wẹ́tì ẹ̀". Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti oṣù Kẹwàá 1965, epo bẹntiróòlù ni wọ́n ń wọ́n sí ilé àti èèyàn kí wọ́n tó ṣáná sí i, àṣẹ tí wọ́n sì ń pa nìyẹn. Ọmọdé lè gbọ́ ọ kó rò pé àwàdà omi ni. Lójú ẹni tó gbé Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú nígbà náà, kì í ṣe àwàdà. Bó bá yọjú nínú fídíò kan, ẹ sọ fún ẹni tó ṣe é.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ ààyè yàtọ̀ sí òkú ni pé mo ń wò ó bóyá wọ́n ṣì ń tún un rọ. "Jápa" ṣì wà láàyè, ẹ wò ó: "já" tí a fi ń sọ pé ewúrẹ́ já ló wà nídìí ẹ̀, "pa" ló mú un le. Nígbà tí orin Naira Marley tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 2018, sísá fún wàhálà ni. Láàárín ọdún díẹ̀, ó di kíkó lọ sí òkè òkun. Lẹ́yìn náà ni ẹnu ìgboro bí "jápadà" láti inú ẹ̀, fún ẹni tó lọ tó tún padà. Ọ̀rọ̀ tó ń bímọ ò tíì kú. Oxford English Dictionary kéde lóṣù Kìíní 2025 pé wọ́n ti kó o mọ́ tiwọn, nítorí náà ẹ ò nílò láti túmọ̀ ẹ̀. "Japa" ni kẹ́ ẹ kọ sí ìlà Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ wo fídíò náà: bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ni ẹni náà ń sá fún, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni, "run" ló tọ́.

Àmì òkú ni kí wọ́n máa dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ kí ẹ̀rín tó lè wá. Àmì míì ni kí báńkì máa fi polówó, kí pásítọ̀ sì fi ṣe àkòrí ìsọjí. Nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ ìgboro ti ń wá òmíràn.

"Ooin" ti Mr Macaroni, apanilẹ́rìn-ín orí íntánẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ohùn lásán ni, ohùn bàbá àgbàlagbà olówó tó ń wo ọmọbìnrin láti òkè dé ilẹ̀. Kò ní ìtumọ̀ tó lè dá dúró. Ẹ kọ "Ooin!" sí ìlà méjèèjì, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

---

Kọ́mà

Ẹ kú àdúrótì. Wàhálà kan ló kù, ti ẹ̀rọ ni. Àmì orí "ọ̀" ń sún lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e lójú fídíò, níbòmíì ó ń di àpótí. Ẹ̀rọ náà tún ń sọ pé ìlà mi ti gùn jù, nígbà tí mo rí i pé kò gùn.

---

Àmì Ohùn

Ohun kan náà ló ń fa méjèèjì. Kò sí "ọ̀" gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń ka lẹ́tà. "ọ" wà ní ẹyọ kan, àmì ohùn ìsàlẹ̀ á wá jókòó lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kejì. Fọ́ńtì tí wọn ò ṣe fún irú èèyàn bíi tiwa ò mọ ibi tó máa gbé ẹyọ kejì yẹn sí. Ẹ lo Noto Sans, tàbí Charis SIL tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó nípọn díẹ̀.

Ní ti gígùn: "Sọ̀rọ̀ sókè" jẹ́ mẹ́sàn-án lójú wa, tí a bá ka àlàfo mọ́ ọn. Tí kíbọ́ọ̀dù yín bá ń kọ ohun gbogbo ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn NFD, tó ń já àmì orí àti àmì abẹ́ kúrò lára lẹ́tà, 15 ni ẹ̀rọ máa kà. Tẹ́ ẹ bá yí fáìlì sí NFC, tó ń so àmì mọ́ lẹ́tà níbi tó bá ti ṣeé ṣe, á di 11. "Èmi ló kàn" ní tiẹ̀ jẹ́ 10 ní NFC, 13 ní NFD. Òṣùwọ̀n tí Netflix àti àwọn míì ń lò ni lẹ́tà 42 fún ìlà kan, ìlà méjì péré lẹ́ẹ̀kan náà, á sì rọrùn láti má kọjá ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti yí i.

Ẹ yí gbogbo fáìlì sí NFC kẹ́ ẹ tó kà á, ẹ fi pamọ́ ní UTF-8, kẹ́ ẹ wá dán "Sọ̀rọ̀ sókè" wò lójú fóònù Android olówó pọ́ọ́kú kan kẹ́ ẹ tó gbé èyíkéyìí jáde. Tí àmì méjèèjì bá jókòó sórí ọ níbẹ̀, yóò jókòó níbikíbi.